Àyẹ̀wò ni ti Ifá, Àyẹ̀wò ni ti Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí yóò dun àwọn kan nínú wa. Èmi ni ó kọ́kọ́ dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀pẹ, ẹbí mi péjọ sí Agége. Àwọn ará oko wa ní ìhà Ayétòrò, ní Yewa, kó iṣu, gààrí àti adìẹ wọ ọkọ̀ wá; àwọn tó ń gbé Ọgbà àti Ìkejà náà wá. Ọmọ tuntun ló pè wá jọ. Àbúrò mi bí ọmọbìnrin, mo ti dá àkọsẹ̀jayé rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje ni a sì fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Obì, orógbó, oyin, iyọ̀ àti omi tútù ti wà nínú àwo. Ọyẹ́ mú gidigidi lọ́dún náà. Eruku rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti àwọn ilé-iṣẹ́, tó fi jẹ́ pé a kì í rí òpin àdúgbò wa láàárọ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ keje tó mọ́, ẹ̀gbọ́n ọmọ tuntun náà, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà, figbe ta. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹ̀yìn ń dùn ún, àyà ń dùn ún. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkejà, nítorí owó iṣẹ́ àṣekún ìparí ọdún ni wọ́n fẹ́ fi gbọ́ bùkátà ìsọmọlórúkọ. Kí a tó rí ọkọ̀, àríyànjiyàn ti gba ilé kan. Ìbátan ọkọ kan tó ń lọ sílé àdúrà ní kí a bi ìyá àgbà tó ti oko dé lánàá léèrè ọ̀rọ̀, pé láti ìgbà tó ti fọwọ́ kan ọmọ ni wàhálà ti wọlé. Awo kan, ẹlẹgbẹ́ mi, ní àbíkú ni ọmọ náà, pé bí a bá gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbà á lọ níbẹ̀, kí a tètè pèsè fún ẹgbẹ́ ọ̀run, kí a má gbé e jáde. Ìyá àgbà kò fèsì. Ó fi ìborùn rẹ̀ bo ẹsẹ̀ ọmọ, ó ń rọra fọwọ́ pa á, ó sì ń fún un lómi lọ́wọ́ọ́wọ́ mu. Nínú gbogbo wa tó wà nínú yàrá yẹn, òun nìkan ló ń ṣe ohun tí dókítà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ó yẹ ká ṣe: kí ara rẹ̀ gbóná, kí ó sì mu omi dáadáa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà, àwa ni a fẹ́ lé e jáde.

A gbé ọmọ lọ. Ó yè. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, SS ni. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ti ń bá a jà láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ oṣù mẹ́jọ, nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú tí a sì ń pè é ní ibà. Wọ́n yẹ ìyá wò, AS. Wọ́n yẹ bàbá wò, AS.

Ta ló dífá ìgbéyàwó wọn? Èmi ni. Mo béèrè ire owó, mo béèrè ire ọmọ, mo béèrè ire àìkú. N kò béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹni méjèèjì. Ifá kò parọ́ fún mi; ìbéèrè mi ni kò pé.

Nítorí náà, àwọn tí mo fẹ́ bá jà kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Inú ilé wa ni wọ́n wà. Àwọn awo ni, tó ń sọ pé Ifá mọ ohun gbogbo, nítorí náà ẹni tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti tẹ́ Ifá.

Iṣẹ́ èdè ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n fi èdè dá wọn lóhùn. Kí ni a ń pe ohun tí babaláwo ń ṣe bí ẹni kan bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀? Àyẹ̀wò. Kí ni Yorùbá ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀? Àyẹ̀wò. Kò sí ẹni tó fipá mú wa lo ọ̀rọ̀ kan náà. Elédè ló rí i pé ìṣe kan náà ni: kí a yẹ ohun tó fara sin wò kí a tó gbé ìgbésẹ̀.

Ẹ tún wo àbíkú. À, bí, kú: ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sọ. Kò dárúkọ ẹni tó pa ọmọ, kò sì ní kí a má wá ìwòsàn. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó: ẹ̀bẹ̀ àti àdúrà òbí ni àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹni tó ń bẹ ọmọ pé kó jókòó kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó lè mú un jókòó. N kò sọ pé kò sí ẹgbẹ́ ọ̀run. N kò sì sọ pé gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú láyé àtijọ́ ló ní àrùn yìí, nítorí pé ibà àti ilẹ̀gbóná pa púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ kò lè rọ́pò ìwádìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí àrùn náà ti rí. Ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto yóò tẹ̀ bíi dòjé, yóò dí òpó ẹ̀jẹ̀, ìrora yóò sì dé. Òtútù a máa fà á, àìmu omi tó a máa fà á, ibà náà a máa fà á. Ìdí nìyí tí ọyẹ́ fi ń le mọ́ wọn. Bí AS bá fẹ́ AS, ìpín kan nínú mẹ́rin ni kí oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS. Ẹ má ṣe rò pé bí ọmọ kan bá ti gbà á, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Bí ìgbà tí a ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀tun ni oyún kọ̀ọ̀kan. Odù àná kò de odù òní. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, àwọn onímọ̀ ìlera sì díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ SS ni a ń bí lórílẹ̀-èdè yìí lọ́dọọdún. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní nǹkan òyìnbó ni àyẹ̀wò yìí. Ṣé òyìnbó ló kọ́ wa ní iṣẹ́ alárenà? Kí ẹbí méjì tó di àna, ìwádìí ni wọ́n ń ṣe: ṣé kò sí wárápá nínú ìran yẹn, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wèrè? Àwọn baba wa mọ̀ pé àìsàn mìíràn a máa tẹ̀lé ìran. Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó kì í so tọkọtaya pọ̀ bí wọn kò bá rí ìwé jẹ̀nótáìpù. Àwọn ló wá ń ṣe iṣẹ́ alárenà wa, àwa tó ni ín sì jókòó, a ń fi orúkọ àṣà ṣe ọ̀lẹ.

Àwọn kan yóò ní ewé àti egbò tó. Mo bọ̀wọ̀ fún ewé. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti Isaacs tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé omi gbòǹgbò orin ata lè dá hóró ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ padà sí roboto nínú ìgò àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, àjọ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá, NIPRD, gba àgbo ìbílẹ̀ Yorùbá kan, tí iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà wà nínú rẹ̀, wọ́n dán an wò lára aláìsàn, ó sì di oògùn Niprisan. Ẹ kíyè sí i: àyẹ̀wò ló gbé ewé wa dé ibẹ̀. Ewé tó ń sá fún àyẹ̀wò, ẹni tó ń tà á ló mọ ohun tó ń bò mọ́lẹ̀.

Nípa ọmọ tuntun wa: a sún ìsọmọlórúkọ síwájú díẹ̀, a kọ́kọ́ mú un lọ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀. SS ni. Àbúrò mi sunkún, mo sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé ti inú oyún wá ṣì ń dáàbò bò ó, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀. Àkókò yẹn gan-an ni ó yẹ kí a ti mọ̀, nítorí pé àìsàn bíi òtútù àyà ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn ní kékeré. Láti 1986 ni ìwádìí kan l'Ámẹ́ríkà ti fi hàn pé pẹnisílíìnì tí ọmọ ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ń dín ikú yìí kù gan-an. Ọmọ yìí yóò lò ó, yóò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, yóò sì sùn nínú àpò ẹ̀fọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọdún mẹ́fà jìyà nínú òkùnkùn. Òun kò ní jẹ irú rẹ̀. A sọ ọ́ lórúkọ, a fún un lóyin lá, ìyá àgbà ló sì gbé e jáde sí oòrùn.

Mo ti búra fún ara mi. N kò ní dífá ìgbéyàwó mọ́ láìjẹ́ pé a gbé ìwé jẹ̀nótáìpù ẹni méjèèjì síwájú ọpọ́n. N kò ní dá àkọsẹ̀jayé láìsọ fún òbí pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Bí àwọn méjì bá mọ̀ tí wọ́n sì tún yan ara wọn, orí wọn ni wọ́n yàn, a ó sì dúró tì wọ́n. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú àbùkù wo aláìsàn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa wọ inú rẹ̀ láìmọ̀, kí awo sì wà níbẹ̀.

Mo rọ ẹgbẹ́ wa kí a sọ èyí di òfin láàárín ara wa kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. Awo tó bá ní kò sí nínú Ifá, kí ó sọ fún mi ibi tí Ifá ti ní kí a má wádìí.

Ire àìkú a kárí wa. Àṣẹ.