Ta Ló Ni Orin Tí A Ń Jó Sí?

Àwo orin tí mo fi ṣe àkọ́kọ́ nínú orin àwọn obìnrin lọ́dún 2024 ni Lost and Found ti Simi, tó jáde ní oṣù keje. Èyí tí mo fi ṣe èkejì ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wa ní Ìdó-Ọ̀ṣun kò gbà rárá. “Àńtí, Tems ńkọ́? Ayra Starr ńkọ́?”

Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Born in the Wild ti Tems ni a gbọ́ títí di Kérésìmesì, Love Me JeJe inú rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Grammy ní oṣù kejì ọdún 2025. Ó mú mi rántí Ṣèyí Ṣódímú àti Shaffy Bello, tí wọ́n ti kọ Love Me Jeje tiwọn láti 1997. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni mo fi ń to orin: ta ló ni ín? Ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun ló wà lẹ́yìn àwo Tems, ilé-iṣẹ́ Mavin ló wà lẹ́yìn ti Ayra Starr. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń dá dúró ni mò ń wá.

Mo ti ránṣọ lábẹ́ ọ̀gá rí. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tí aṣọ tí èèyàn fi òru rán bá jáde lọ, tí wọ́n ń yin ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ẹni tó rán an. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Simi fi wọ̀ mí lára. Ó kúrò ní X3M Music ní 2019, ó sì dá ilé-iṣẹ́ orin tirẹ̀, Studio Brat, sílẹ̀. Obìnrin yìí mọ iṣẹ́ inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ dunjú: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ nínú bí ohùn àti ìlù ṣe wà lójú ìwọ̀n nínú àwo Gold ti Adékúnlé Gold ní 2016. Lọ́dún 2020 ló gbé Duduke jáde pẹ̀lú oyún nínú, ibi ìkómọ tí wọn kì í ti í lò ó láti ibí títí dé Iléṣà kò pọ̀. Nínú Lost and Found, kò pariwo. Ó fara balẹ̀ sọ tinú rẹ̀, àfi ibi tí òun àti Tiwa Savage ti pàdé nínú Men Are Crazy, tí àwọn oníbàárà mi ọkùnrin ní kí n pa.

Èkejì, Horizon Unlimited ti Lijadu Sisters. Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, ìbejì tí wọ́n bí ní Jos ní 1948, ṣe àwo mẹ́rin fún ilé-iṣẹ́ Afrodisia láàárín 1976 sí 1979: Danger, Mother Africa, Sunshine, kí eléyìí tó dé. Ọdún 1976 yẹn náà ni Sàláwà Àbẹ̀ní, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ṣe àwo wákà rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Kò sí ilé tí wọn kò ti mọ Sàláwà lọ́dọ̀ wa. Àwọn ìbejì yìí ni a gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ń kọ Yorùbá, wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, débi pé etí kì í mọ ẹni tó ń lé àti ẹni tó ń gbè. Wọ́n kó lọ sí New York ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n ṣàròyé ní gbangba pé èrè orin wọn kò dé ọwọ́ wọn bó ṣe yẹ. Kẹ́hìndé kú ní 2019. Ní 2024 ni ilé-iṣẹ́ Numero Group ti Amẹ́ríkà tún gbé Horizon Unlimited jáde, Táíwò sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Ọdún márùnlélógójì! Ọ̀kan nínú orin ibẹ̀ ń jẹ́ Orere Elejigbo. Nígbà tí ó dé orí rẹ̀, mo ní kí ọmọ Ejìgbò tó wà láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ mi dìde, ó sì jó. Èmi gbà pé ọdún tí orin tó sọnù padà sọ́jà ni ọdún rẹ̀, pàápàá nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́ ṣì wà láyé láti gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni Rebel Queen ti Yẹmí Aládé. Ó gùn jù fún mi, àmọ́ Effyzzie tó gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ tiwa níbí ni, òun ló sì wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà orin rẹ̀ Johnny. Tomorrow inú rẹ̀ wà lára àwọn orin tí wọ́n yàn fún ìdíje Grammy.

Ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, owó kékeré ni wọ́n fi ń da gbogbo orin wọ̀nyí sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún èèyàn, kọ́bọ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọrin. A ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023. Mo bẹ ẹ̀yin olóòtú rédíò Òṣogbo àti Iléṣà: tí ẹ bá lo orin tán, ẹ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó ni ín, kí iléeṣẹ́ yín sì san owó ìlò rẹ̀.

Àwọn obìnrin oníwákà tó ń kọrin níbi ìkómọ ní agbègbè Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ wa ló ń ká mi lára jù. Onífídíò á ká a, á gbé e sórí YouTube, orúkọ tirẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀. Kí obìnrin tó di máìkì mú, kí ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun àti ìpín òun sílẹ̀ lórí ìwé. Ọ̀kan nínú wọn ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi. Mo sọ fún un, òun àti onífídíò rẹ̀ sì ti jọ fọwọ́ sí ìwé wọn àkọ́kọ́.