Ọkàn Tí Ó Wà Nínú Àwòrán Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹni tí ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, tí ó sì kan iná tí ń jó lẹ́yìnkùlé aládùúgbò, kò gbọdọ̀ ní ewúrẹ́ nìkan ni òun bá jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ó rí fún dókítà tí ń wá jẹjẹrẹ nínú àwòrán ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì rí àmì àrùn ọkàn níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ láti ọdún 2021 ni pé kí ẹni ọdún 50 sí 80 tí ó ti mu sìgá tó pákẹ́ẹ̀tì kan lójúmọ́ fún 20 ọdún, tí kò tíì jáwọ́ tàbí tí kò tíì pé ọdún 15 tí ó jáwọ́, máa ya àwòrán àyà lọ́dọọdún pẹ̀lú ẹ̀rọ CT tí ìtànṣán rẹ̀ mọ níwọ̀n. Àyẹ̀wò náà wúlò. Ìwádìí National Lung Screening Trial, tí àwọn tó lé ní 53,000 kópa nínú rẹ̀, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2011, fi hàn pé ó dín ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù ní ìdá 20 nínú 100. Èyí ni gbogbo ayé gbọ́. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé, láàárín àwọn tí a fi CT yẹ̀ wò, àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ pa ju iye tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa lọ.

Kò yani lẹ́nu. Èéfín kan náà tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ni ó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn jẹ́. Kálísíọ́ọ̀mù tí ó lẹ̀ mọ́ òpó náà a sì máa hàn nínú àwòrán yìí, funfun bí ẹfun, láìgba owó mìíràn. (Yorùbá tí ó ní àyà òun já kò pín àyà náà sí yàrá méjì, àwọn oníṣègùn ló pín in.)

Àwọn kan lè ní a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù ẹni tí jẹjẹrẹ ti ń bà lẹ́rù. Àwáwí nìyẹn. Jẹjẹrẹ le, ṣùgbọ́n ohun tí a lè ṣe nípa ọkàn kò ṣàjèjì: kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí dókítà kọ oògùn statin fún ẹni tí ó bá tọ́ sí, kí a sì ran aláìsàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá. Bí ẹfun náà kò bá tilẹ̀ hàn, sìgá kò tìtorí ìyẹn di oúnjẹ.

Ìwé tí ó ní kò sí jẹjẹrẹ gan-an ló léwu jù. Ẹni tí ó gbà á yóò mí kanlẹ̀, ó sì lè ṣáná sí sìgá mìíràn kí ó tó délé. Ó di ọdún tí ń bọ̀ kí wọ́n tó tún pè é.