Ọlọ́pàá Àdúgbò àti Ẹ̀rí Oògùn Olóró

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti oògùn olóró, já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìkòròdú, wọ́n sì bá kokéènì tó tó tọ́ọ̀nù 1.8 níbẹ̀. Àárín ilé táwọn èèyàn ń gbé ni wọ́n kó o sí. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá àgọ́ tó wà nítòsí ló ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ lálẹ́, òun náà sì làwọn ará ilé máa kọ́kọ́ ta lólobó bí wọ́n bá fura. NDLEA tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1989 kò lè ní ẹsẹ̀ ní gbogbo òpópónà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n: ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tọ́jọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, nǹkan bí 14 ló ń lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní ẹkùn tiwa, wọ́n lé ní 22.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹjọ́ oògùn olóró ti rọrùn jù láti bàjẹ́, kó tó dé iwájú adájọ́ rárá. Kọ́ńsítébù mú ọmọkùnrin kan tòun ti igbó tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Bó bá jù ú sínú dúróà lẹ́yìn káńtà, tí kò wọ̀n ọ́n, tí kò sì kọ orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìbéèrè méjì péré ni agbẹjọ́rò máa bi í: báwo ló ṣe wúwo tó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mú un, ta ló sì ní kọ́kọ́rọ́ dúróà yẹn? Ẹjọ́ ti forí ṣánpọ́n nìyẹn. Bí NDLEA ṣe ń ṣe é yàtọ̀. Ojú afurasí ni wọ́n ti ń wọn ẹrù. Wọ́n á yọ díẹ̀ dán an wò, wọ́n á dì í sínú àpò tó ṣeé rí inú rẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, afurasí á sì fọwọ́ sí ìwé. Olùtọ́jú ẹ̀rí náà á fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fún un. Ẹ̀kọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn ọlọ́pàá àgọ́ kò ju èyí lọ púpọ̀, ọlọ́pàá tó bá sì mọ̀wé kà lè kọ́ ọ.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ NDLEA ni, kí ọlọ́pàá má dá sí i. Èmi náà kò ní kí ọlọ́pàá gbé ẹjọ́ náà lọ sílé ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó fi ẹrù àti ìwé rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní pípé.

Àtakò kejì ló wúwo. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọlọ́pàá ti tú fóònù àti báàgì wọn lójú títì, tí wọ́n fi ẹ̀sùn igbó halẹ̀ mọ́ kí wọ́n lè gbowó, kò ní fẹ́ gbọ́ pé a fẹ́ túbọ̀ kọ́ ọlọ́pàá nípa oògùn. Ìrora yẹn wà lára ohun tó gbé wọn jáde fún ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọn ò sì jayò pa. Lẹ́yìn náà ni ti kokéènì tí wọ́n mú ní pápákọ̀ òfurufú Enugu ní oṣù Kìíní ọdún 2022: NDLEA fẹ̀sùn kan àwọn ọlọ́pàá kan pé wọ́n yọ nínú rẹ̀, àwọn yẹn sì sọ fún ilé ẹjọ́ pé àwọn kò jẹ̀bi. Ẹ̀rù yìí gan-an ló mú kí n tẹnu mọ́ ìwọ̀n àti ìwé. Ẹrù tí wọ́n ti wọ̀n lójú afurasí, tó ti fọwọ́ sí, ṣòro láti bù nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọn kò sì bá nǹkan kan lára rẹ̀, kò ní sí ìwé tí wọ́n máa fi halẹ̀ mọ́ ọn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 ti lànà sílẹ̀ pé kí wọ́n gba ìjẹ́wọ́ afurasí sórí fídíò. Ó yẹ kí ìyẹn wà nínú ẹ̀kọ́ náà, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó nílò ìtọ́jú mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń tà.

Ẹ̀kọ́ láìsí òṣùwọ̀n ní àgọ́, asán ni. Kí ìjọba ra òṣùwọ̀n, àpò ẹ̀rí àti kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ méjì fún àgọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ní Ìkẹjà sì ké sí àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA wá kọ́ wọn. Kí wọ́n pe agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ náà síbẹ̀, kó máa da ìbéèrè bo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí yóò ṣe dà á bò wọ́n nílé ẹjọ́ gíga, kó tó di pé wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀rí.