Fìríìjì tí Ó Kú Lẹ́hìn Ọdún Kan
Bí fìríìjì bá kú lóṣù kẹrìnlá, tí ọdún kan inú ìwé ìdánilójú sì ti pé, oníṣòwò a máa wípé ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwa kò gbà. Òfin Àpapọ̀ ọdún 2018 tí ó dáàbòbo oníbàárà sọ ní abala 131 wípé ọjà gbọ́dọ̀ ṣeé lò, kí ó sì tọ́jọ́ dé ìwọ̀n tí ó yẹ irú rẹ̀. Kò dárúkọ iye ọdún. Ibẹ̀ ni iyàn wà, pàápàá nítorí iná mọ̀nàmọ́ná wa tí í ṣẹ́jú, tí í pa ẹ̀rọ aláìlẹ́bi. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó tà á kí ẹnikẹ́ni tó tú ẹ̀rọ náà. Bí ó bá kọtí ikún, ẹ gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC.