A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ọmọ Ìjàrẹ ni mí, kò sì sí òkun ní Ìjàrẹ. Òkè àti igbó ni Elédùmarè fi jíǹkí wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé kí ló kan ọmọ orí òkè nínú ọ̀ràn igi tí ń hù nínú omi iyọ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, inú oko bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, ó sì jọ pé àwọn tí wọ́n kàwé jù mí lọ kò tíì kọ́ ọ.

Láìpẹ́ yìí ni mo jókòó nínú gbọ̀ngàn kan ní Àkúrẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí bí a óò ṣe dá igbó ẹ̀gbà padà sí etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ̀gbà ni igi tí àwọn òyìnbó ń pè ní mangrove, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ sókè bí ẹsẹ̀ akàn kí ó tó wọ inú ẹrẹ̀. Àwòrán kún ara ògiri, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ wa. Ọ̀gbẹ́ni tí ó gba ọ̀rọ̀ sọ ka iye igi tí wọn yóò gbìn, ó ka iye owó, ó ka iye oṣù. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó jókòó ni ó wá rántí pé, “A óò sì la àwọn ará abúlé lọ́yẹ̀ kí wọ́n má baà tún gé e.” Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ojú sì tì mí nígbà tí mo délé. N kò rí apẹja kan nínú gbọ̀ngàn náà. N kò rí obìnrin kan tí ń yan ẹja. Ọmọ Ìlàjẹ kan ṣoṣo tí mo bá pàdé níbẹ̀, awakọ̀ ni, ìta ni ó jókòó sí tí ó ń dúró de ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi fún yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi gba oko nínú igbó rìsáfù kan tí n kò ní dárúkọ. Àdéhùn tí wọ́n ń pè ní taungya ni ó fi gbà á, èyí tí àwọn òyìnbó kó wá láti ilẹ̀ Bọ́má. Àgbẹ̀ yóò gbin iṣu àti àgbàdo sí àárín ọmọ igi ìjọba, yóò máa ro ìdí igi náà bí ó ti ń ro ìdí iṣu tirẹ̀, nígbà tí igi bá sì ga tí ó ṣíji bo ilẹ̀, bí ọdún méjì sí mẹ́ta, àgbẹ̀ yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹ tún àdéhùn náà wò. Bí igi bá ti ń dàgbà ni oúnjẹ wa ń tán lọ. Kí ni ẹ rò pé bàbá mi ṣe? Ojú mi ni ó ṣe é. Ní kùtùkùtù, yóò di ọmọ igi náà mú ní ọrùn, yóò máa mì ín jẹ́jẹ́ títí gbòǹgbò yóò fi já nínú ilẹ̀, yóò wá fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ rẹ̀ padà bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ewé rẹ̀ yóò fi rọ. Nígbà tí aṣọ́gbó bá dé, bàbá mi yóò mi orí, yóò ní, “Ilẹ̀ yìí kò gba igi, ọ̀gá.” Ọ̀gá yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ilẹ̀ náà kò gba igi.

Bàbá mi kì í ṣe olè. Alàgbà ni nínú ìjọ, òun ni wọ́n sì ń fi owó ẹgbẹ́ pamọ́ sí lọ́wọ́. Bàbá mi yìí kan náà, kò jẹ́ ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan ní Òkè Ọwá. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ìjàrẹ, Òkè Ọwá ni òkè tí ó jẹ́ ibi mímọ́ ìlú wa. Olújàrẹ nìkan ni ó ń gùn ún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ọdún iṣu tuntun. Ní gbogbo ìgbà èwe mi, n kò rí aṣọ́gbó ìjọba níbẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àrá sán pa màlúù 36 lórí òkè náà, ìròyìn rẹ̀ sì dé òkèèrè. Àwọn àgbà ìlú sọ pé ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ni wọ́n tẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ físíìsì sọ pé màlúù tí ó bá kó ara jọ sórí òkè nínú òjò, àrá ni ó ń fi ọwọ́ pè. (Ẹjọ́ àárín Ṣàngó àti físíìsì, èmi kò sí níbẹ̀.) Ohun tí mo ń bi yín ni pé, ta ni ó la bàbá mi lọ́yẹ̀ nípa Òkè Ọwá? Ta ni ó sì gbàgbé láti là á lọ́yẹ̀ nípa igbó rìsáfù? Ọkùnrin kan ni, àdá kan náà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀kan ó jẹ́ onílé, ní èkejì ó jẹ́ alágbàṣe tí wọn yóò lé lọ lọ́la.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. N kò sọ pé kí a lọ dá òrìṣà sílẹ̀ fún ẹ̀gbà. Èèwọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kó sínú ọkọ̀ lọ sí ìlú onílùú, àwọn ọ̀dọ́ Ìjàrẹ pàápàá sì ti ń fi ti wa ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé àwọn ará abúlé kì í gé igi. Ẹni tí ó bá wo igbó rìsáfù Àkúrẹ́ àti ti Ìdànrè lónìí, tí ó rí bí kòkó ti gba ibi tí igi ńlá wà, yóò mọ̀ pé ọwọ́ wa kò mọ́. Igbó ìjọba ni a ń pè é, ohun tí ó bá sì jẹ́ ti ìjọba, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni ó ni ín.

Lẹ́yìn ìpàdé yẹn ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá, láti Àkúrẹ́ gba Oǹdó, gba Ọ̀rẹ̀, gba Òkìtìpupa. Ìyá àgbà kan tí ń yan ẹja gbà mí láyè láti jókòó tì í. Èéfín lé mi sí apá ọ̀tún, ó tún lé mi sí apá òsì. Mo ṣàlàyé fún un pé ìjọba fẹ́ gbin ẹ̀gbà padà. Ó yí ẹja rẹ̀ padà tán kí ó tó dá mi lóhùn. Ó ní, “Ó dára, ọmọ mi. Nígbà tí ó bá dàgbà, tí ẹ̀ka rẹ̀ bá wó, ṣé mo lè fi dáná?” N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Nínú gbogbo àwòrán ara ògiri ní Àkúrẹ́, kò sí ọ̀kan tí ó dáhùn ìbéèrè yìí.

Àwọn ọ̀gá wa ń wí pé àáké obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ó pa igbó etí òkun. Òtítọ́ ni pé ó ń gé ẹ̀gbà, nítorí pé igi náà le, iná rẹ̀ a sì máa pẹ́ lábẹ́ ẹja. Ṣùgbọ́n àáké kọ́ ni ó gbẹ́ odò tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo ní ìhà Awóyè, tí omi iyọ̀ fi rí ọ̀nà wọ inú irà olómi dídùn, tí igi sì kú lóòró. Àáké kọ́ ni ó ń da epo rọ̀bì sójú omi. Àyétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó ní 1947 tí òkìkí rẹ̀ sì kàn, òkun ti gbé púpọ̀ nínú ilé rẹ̀ lọ. NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun náà fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004, wọ́n tún gbé e fún òmíràn ní 2009, ọdún sì gorí ọdún lẹ́yìn náà tí àwọn ará ìlú ń wá ògiri tì. Àwọn tí a ti jẹ ní gbèsè tó báyìí ni a fẹ́ lọ là lọ́yẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, nítorí mo gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn yẹn: wọ́n ní ẹ̀gbà ni yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ògiri fún Àyétòrò. Irọ́ ni. Ẹ̀gbà kì í dúró níbi tí ìgbì òkun ti ń lu ilẹ̀ tààrà. Inú ọ̀sà àti ẹsẹ̀ odò lẹ́yìn etíkun ni ilé rẹ̀, níbi tí omi ti ń kún tí ó sì ń fà. Igi yìí kò tilẹ̀ ní ìṣòro ọmọ bíbí. Lórí ìyá rẹ̀ ni irúgbìn rẹ̀ ti ń hù, tí ó ń gùn bí ọ̀kọ̀, tí yóò wá já bọ́ sínú ẹrẹ̀, tàbí kí omi gbé e lọ síbi tí ó bá gbà á. Bí omi bá ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ó ti yẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀gbà ń gbin ara rẹ̀. Ta ni ó mọ ibi tí omi ń gbà lọ tí ó sì ń gbà bọ̀ ní Ìlàjẹ? Èmi ọmọ Ìjàrẹ ni, àbí apẹja tí ó ti ń tukọ̀ níbẹ̀ láti kékeré?

Ní Sri Lanka, lẹ́yìn tí omi òkun ya wọ ìlú ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, wọ́n gbin ẹ̀gbà káàkiri etíkun. Àwọn onímọ̀ padà lọ wo ibi 23, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2017: ní ibi 9, igi kan ṣoṣo kò yè. Kò sí ìdí láti lọ jìnnà pàápàá. Ní 1906 ni wọ́n kó ọ̀pẹ nípà láti Singapore wá sí Kàlàbá, tí wọ́n ní yóò dáàbò bo etí omi. Ọ̀pẹ náà kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, lónìí ó ń lé ẹ̀gbà kúrò ní ẹsẹ̀ odò kan dé òmíràn. Àwọn tí wọ́n kó o wá kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ibi tí ó ti dára wà. Ní Gazi ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, láti 2013, àwọn ará abúlé ni wọ́n ń tọ́jú igbó ẹ̀gbà tí ó tó hẹ́kítà 117, pẹ̀lú àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba wọn kọ. Mikoko Pamoja ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Owó tí àwọn ará òkèèrè ń san nítorí èéfín inú afẹ́fẹ́ tí igi náà ń gbé mì, àpò abúlé ni ó ń wọ̀, wọ́n sì fi ń fa omi ẹ̀rọ, wọ́n fi ń ra ìwé fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n tún gbin igi mìíràn lọ́tọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ fún igi ìdáná, kí àáké má baà wọ inú ẹ̀gbà. Ìbéèrè ìyá Igbókọ̀dá nìyẹn, wọ́n ti dáhùn rẹ̀ kí ó tó bèèrè. Gazi kéré, mo mọ̀, hẹ́kítà 117 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìwé yẹn ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ Àkúrẹ́. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé agbára kò sí. Kí a tó fi ọmọ igi kan kan ẹrẹ̀, kí a kọ ẹni tí ó ni ín sílẹ̀ ní èdè tí ìyá yẹn gbọ́, kí a kọ ẹni tí ó lè gé ẹ̀ka rẹ̀ àti ìgbà tí ó lè gé e, kí a kọ àpò tí owó òkèèrè yóò wọ̀ bí ó bá dé. Kí àwọn obìnrin tí ń yan ẹja wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ọ́, nítorí àwọn ọkùnrin á kàn jíròrò nípa àwọ̀n ni. Àwọn olùkọ́ wa kan yóò ní èyí yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn ní ọdún kan tàbí méjì. Kí ó fà á sẹ́yìn. Bàbá mi fi ọwọ́ méjì pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, aṣọ́gbó sì ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ ni kò gba igi.

Mo ti kọ ìbéèrè ìyá náà sínú lẹ́tà, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni tí ó sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, bí ìyá náà ti sọ ọ́ gan-an: bí ẹ̀ka rẹ̀ bá wó, ṣé ó lè fi dáná? Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, èsì kò tíì dé.