Eruku Kò Sí Lára Owó Oṣù Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti àfikún owó. Ọ̀rọ̀ èémí ni. Ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ gbá mú láti fi mú pákó àti irin dán, èyí tí a ń pè ní sándà, ti wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àti ibi tí a ti ń kan bọ́dì lọ́rì. Iṣẹ́ tí a ń fi sáńpépà ọwọ́ ṣe láti àárọ̀ di ọ̀sán, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni sándà fi ń ṣe é. A kò bá ẹ̀rọ jà. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀gá tí ó ra sándà tí kò ra ìbòmú àti awò ìdáàbòbò ojú mọ́ ọn, ààbọ̀ irinṣẹ́ ni ó rà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti ọwọ́ ara wa. Róló méjì ni ó wà lábẹ́ sándà, sáńpépà tí a lẹ̀ pọ̀ bí ìgbànú ni ó sì ń yí wọn ká. Èyí tí a kọ 40 sí lára le, òun ni a fi ń bẹ̀rẹ̀; 80 tẹ̀ lé e; 120 ni a fi ń parí. Ọfà wà nínú ìgbànú náà: ẹ jẹ́ kí ó kọjú sí ibi tí ọfà ara ẹ̀rọ kọjú sí, kí ó má baà já. Ẹ di pákó mọ́lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú ẹ̀rọ, ẹ tàn án kí ó tó kan pákó, ẹ gbé e sókè kí ẹ tó pa á. Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pa súwíìṣì rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé, bí iná bá dé lójijì, sándà yóò sáré lórí tábìlì bí ewúrẹ́ tí ó já okùn.

Èyí tí ó léwu jù fún àwa tí a ń kan lọ́rì nìyí. Lára ọkọ̀ kan náà, pákó wà, irin wà. Lẹ́búlẹ́bú pákó ń kún inú àpò ẹ̀yìn sándà. Bí a bá ti ibẹ̀ bọ́ sórí irin, iná yóò máa ta pàrà, yóò sì wọ inú àpò náà. Ó lè máa jó lábẹ́lẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀, títí a ó fi ti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé. Nítorí náà, kí sándà tó kan irin, ẹ tú eruku dànù síta, ẹ yọ àpò, ẹ sì gbá ilẹ̀.

Ti eruku fúnra rẹ̀ ńkọ́? Eruku ìrókò a máa mú kí imú dà, kí ara yún ni, kí àyà sì há. Ní ìlú High Wycombe ní England, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àga, àwọn dókítà rí i ní àwọn ọdún 1960 pé àrùn jẹjẹrẹ inú imú ń mú àwọn tí ń ṣe àga ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ní 1995, àjọ tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn náà. Ọ̀dà àtijọ́ tí a ń há kúrò lára irin pẹ̀lú lè ní òjé nínú, májèlé sì ni òjé. Háńkáṣíìfù tí a so mọ́ imú kò lè dá eruku kíkúnná dúró. Àwọn ère Èsìẹ́ lè jókòó sínú eruku fún ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí òkúta ni imú wọn. Ẹran ara ni tiwa.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti 1987 sọ pé níbi tí eruku tí ó lè pa ènìyàn lára bá ti ń jáde, kí onílé iṣẹ́ ṣe ohun tí ó bá ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ má baà fà á símú. Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí ó ń san lóṣooṣù fún àjọ NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wa. Ọmọ iṣẹ́ náà wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹni tí ó bá farapa, kí ó sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Kí ọ̀gá náà fi ránṣẹ́ sí àjọ láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má fi ojú tàbí ìka yín tọrọ àforíjì lọ́wọ́ máníjà, kí ẹ wá dákẹ́.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: ìbòmú gidi, awò ojú, àpò eruku tí kò ya, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Láti Èsìẹ́ dé Òmù-Àrán, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé sándà fún láìsí ìwọ̀nyí, kí ó gbé e sílẹ̀, kí ó sì ránṣẹ́ pe aṣojú ẹgbẹ́ kí ó tó tàn án. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n lè fi ìdádúró dẹ́rù bà. Kò rọrùn láti dẹ́rù ba gbogbo wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.