Ẹ Wo Ojú Ọmọ Kí Ẹ Tó Wo Owó Ọwọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ò gùn, àmọ́ ó wúwo. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo yà sí ìsọ̀ kan nítòsí ojú irin l'Ágége, mo fẹ́ ra bátìrì. Mo bá ọmọbìnrin kékeré kan níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Ó di ẹgbẹ̀rún náírà kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́, orí ẹ̀ ò sì ga tó tábìlì. Àgbàlagbà kan dé, wọ́n dá a lóhùn. Òmíràn dé, wọ́n dá òun náà lóhùn. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n tajà fún lójú ọmọ yìí, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ìgbà tó kàn án, ó ní: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Bàbá mi ní kí ẹ fún mi ní ọtí inú ọ̀rá méjì àti sìgá mẹ́ta.” Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó kó o sí ọ̀rá dúdú, ó ki ṣéńjì bọ ọmọ lọ́wọ́ láì kà á, ọmọ bá sáré gba ojú irin kọjá.

Mo bi í pé: “Ìyá, ṣé ẹ mọ ilé ọmọ yẹn?” Ó ní: “N ò mọ̀ ọ́n o. Owó ẹ̀ ni mo mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N ò sọ pé kí ẹ má rán ọmọ níṣẹ́. Ta ni nínú wa tí wọn ò rán rí? Ibẹ̀ la ti kọ́ ìṣirò, ibẹ̀ la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jíṣẹ́ láì gbàgbé. Mo sì mọ bí ayé wa ṣe rí ní àgbègbè iléeṣẹ́ yìí. Láti ìgbà ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967, ni iléeṣẹ́ ti wà n'Íkẹjà. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń ṣe ṣíìfù òru lọ́nà Ọba Àkran àti n'Ógbà, tí ìyá sì ti jáde lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí iyọ̀ bá tán nílé, ta ló kù tí yóò lọ rà á? Ọmọ náà ni.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń wò ó. Bí ọmọ bá dá dúró níwájú ìsọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ wà nínú igba ènìyàn yẹn. Ìyá ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ojú yín ló wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ tètè dá ọmọ lóhùn. Àgbàlagbà lè dúró díẹ̀, kò ní bínú kú. Ọmọ tí ilẹ̀ ṣú bá lójú títì, ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń bẹ níbẹ̀, ẹni ibi náà sì ń bẹ níbẹ̀.

Ìkejì, ẹ má rẹ́ ọmọ jẹ. Ẹ wọn gààrí rẹ̀ kó kún bíi ti ìyá ẹ̀. Ẹ ka ṣéńjì sókè kó gbọ́, kẹ́ ẹ wá dì í sínú ọ̀rá ọjà. Torí bí ọmọ bá délé tí owó ò pé, ta ni wọ́n ń nà? Ẹ̀yin lẹ jẹ owó, òun ló jẹ ẹgba.

Ìkẹta gan-an ló gbé mi dìde: kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá rán ọmọ la ń gbé lé e lọ́wọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí tábà, tọdún 2015, kà á léèwọ̀ láti ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ó sì ní kí wọ́n má tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òfin ò sọ pé àfi bí bàbá bá rán an. Ní ti ọtí inú ọ̀rá, oṣù kejìlá ọdún 2018 ni àwọn oníléeṣẹ́ ọtí ti bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí NAFDAC sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfin mú un ní oṣù kejì ọdún 2024, ariwo ta. Ohun tí NAFDAC ń sọ ni pé ó pọ́ọ́kú, ọmọdé sì lè fi í pamọ́ sápò. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fi hàn pé nínú àwọn ọmọ tó ń mutí, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n ń rà á. Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ wa náà ni.

Ẹ má gbàgbé kẹrosíìnì. Bí ọmọ bá gbé ìgò mínírà wá, ẹ má rọ ọ́ sí i. Àbúrò ẹ̀ nílé á rò pé omi ni, á gbé e mu. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fipá mú un bì, torí kẹrosíìnì á gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e sáré lọ.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín: “Bí èmi ò bá tà á, ẹnìkejì mi á tà á. Bàbá ọmọ á sì nà án bó bá padà lọ́wọ́ òfo.” Òótọ́ ni. Nítorí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ rán ọmọ padà. Ẹ dá owó ẹ̀ padà, kẹ́ ẹ ní: “Sọ fún bàbá ẹ pé ìyá oníṣọ́ọ̀bù kí wọn o, ó ní kí wọ́n wá fúnra wọn.” Ẹjọ́ á kúrò lọ́rùn ọmọ, á di tàgbà. Kí ìyálọ́jà àdúgbò yín sì pe ìpàdé. Bí gbogbo ìsọ̀ tó wà lójú títì kan bá fohùn ṣọ̀kan, bàbá á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì àti wẹ́dà, tiyín náà ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ ọdún 13 tí ẹ ń rán lọ ra paraga láàárọ̀, iṣẹ́ wo lẹ ń kọ́ ọ?

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ kékeré ò tíì mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ẹrú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ọjà lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Bí ẹ bá ní èrò tiyín, ẹ kọ lẹ́tà sí wa.